Ìjọ́hẹn Ẹni Tí Òye Rẹ̀ Lọ́ra

Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìgbésẹ̀ kan wà tí olùkọ́ àṣà kì í fò bí ó bá ń ka àwọn ìgbésẹ̀ náà fún ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn ìfojúsóde àti ìwádìí, lẹ́yìn tí alárenà bá ti lọ tí ó sì ti bọ̀, ìjọ́hẹn ni ó kàn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìṣíhùn. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ hẹn. Òtítọ́ ni pé àwọn òbí mìíràn a máa fi ipá mú ọmọ, òtítọ́ sì ni pé a máa ń ṣe àdéhùn ọkọ fún ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Síbẹ̀, orúkọ tí àṣà fún ìgbésẹ̀ yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá mọ̀ pé hẹn tí ẹlòmíràn bá bá ni jẹ́ kò tíì di hẹn. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ẹnu ẹni náà ni a sì fi ń jẹ́ hẹn.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: kí ni kí àwùjọ ṣe sí hẹn tí ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra bá jẹ́? Kì í ṣe wèrè ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Wèrè lè kọlu ẹni tí ó ti gbọ́n tẹ́lẹ̀, a sì lè wò ó sàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹni tí ó jẹ́ pé láti èwe ni òye rẹ̀ kò ti tètè jí. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ìwé kò yé e bọ̀rọ̀, ìṣirò owó a máa dà á láàmú, ó sì lè ṣòro fún un láti mọ ìgbà tí ènìyàn ń tan òun jẹ. Ládùúgbò, orúkọ burúkú ni wọ́n ń pè é: dìndìnrìn, ọ̀dẹ̀, sùẹ̀gbè. Ṣùgbọ́n ara kò dúró de òye. Irùngbọ̀n ọkùnrin yóò hù, ọmú obìnrin yóò yọ, ọkàn wọn yóò sì máa fà sí ẹni tí ó wù wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọkàn gbogbo ọmọ ènìyàn ti ń ṣe.

Èrò méjì ni ó sábà máa ń jáde bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé ọmọdé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí ayé, pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ohunkóhun nípa ìbálòpọ̀, pé kí a tì í mọ́lé kí ojú má baà ti ẹbí. Àwọn mìíràn yóò wí pé ènìyàn ni, pé ohun tí ó bá wù ú ni kí ó ṣe, pé kí òfin yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìtàn ayé ti dán èrò méjèèjì wò. Ohun tí ó sì ti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ yẹ kí ó kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́gbọ́n.

Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní 1906 tí ń jẹ́ Carrie Buck. Tálákà ni Emma ìyá rẹ̀. Ní 1920, wọ́n fi ìyá náà sí ibùdó kan nítòsí ìlú Lynchburg, níbi tí ìjọba ń kó àwọn oníwárápá àti àwọn tí wọ́n kà sí aláìlóye sí. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtọ́ ni Carrie ti dàgbà, ó sì ń ṣe dáadáa ní ilé-ìwé títí wọ́n fi mú un kúrò kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ ilé. Ní 1923, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó lóyún. Ó sọ pé ìbátan àwọn alágbàtọ́ òun ni ó fi ipá bá òun lò. Wọn kò mú ọkùnrin náà. Ọmọbìnrin náà ni wọ́n mú. Oyún yìí gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé òye rẹ̀ kò pé, nígbà tí ó sì bímọ tán, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ibùdó tí ìyá rẹ̀ wà.

Ní 1924 kan náà ni Virginia ṣe òfin pé àwọn oníṣègùn lè fi iṣẹ́ abẹ sọ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí di ẹni tí kò lè bímọ mọ́, ìbáà wù wọ́n, ìbáà má wù wọ́n. Carrie ni wọ́n kọ́kọ́ yàn láti fi dán òfin náà wò ní ilé-ẹjọ́. Agbẹjọ́rò tí ó yẹ kí ó gbèjà rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn tí ń ṣàkóso ibùdó náà, kò sì pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù karùn-ún 1927 ni adájọ́ 8 nínú 9 sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n là á. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní ìran mẹ́ta àwọn aláìlóye ti tó. Ìran kẹta tí ó ń wí ni Vivian, ọmọ Carrie, ọmọ ọwọ́ tí ẹnìkan wò lójú fìrí tí ó sì ní ìrísí rẹ̀ kò dá òun lójú. Ọmọ yìí ni ó lọ sí ilé-ìwé, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ rere ní 1931. Ó kú ní 1932, ó jẹ́ ọmọ ọdún 8.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún Carrie nínú oṣù kẹwàá 1927. Wọ́n ṣe é fún Doris àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n pa fún un. Wọ́n ní àìsàn inú ni àwọn fẹ́ wò. Doris lọ́kọ, ó wá ọmọ títí, ó sì ti darúgbó kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Nǹkan bí 8,000 ènìyàn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Virginia, ó sì lé ní 60,000 ní Amẹ́ríkà lápapọ̀. Ní 1933 ìjọba Hitler ní Jámánì ṣe irú òfin kan náà, àwọn tí ó sì tipa rẹ̀ di aláìlèbímọ tó nǹkan bí 400,000. Ọdún 1974 ni Virginia tó pa òfin tirẹ̀ rẹ́. Carrie kú ní 1983. Ní 2002 ni gómìnà ìpínlẹ̀ náà tó tọrọ àforíjì, nígbà tí ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ti sùn ní sàréè.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Àwọn tí wọ́n ṣe ibi náà kò pe ara wọn ní ìkà. Aláàánú àti onímọ̀ ni wọ́n pe ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "aláìlóye", ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ènìyàn níwájú orí, láti ọjọ́ náà lọ kò sì sí ẹni tí ó tún bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ìgbésí ayé Carrie lẹ́yìn náà sì gbà pé òye rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Bí èyí bá mú kí ẹnìkan sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wí pé kí òfin yọwọ́, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Glen Ridge, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní oṣù kẹta 1989. Ọmọbìnrin ọdún 17 kan wà níbẹ̀ tí òye rẹ̀ lọ́ra gidigidi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin eléré ìdárayá ilé-ìwé ibẹ̀, tí ó ti mọ̀ láti kékeré, tí inú rẹ̀ ìbá sì dùn bí wọ́n bá lè pè é ní ọ̀rẹ́, tàn án lọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ṣe ìlérí pé òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn yóò jọ jáde. Ohun tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, àwọn agbẹjọ́rò wọn ní ọmọbìnrin náà kò kọ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé. Ní 1993, ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá mẹ́ta nínú wọn lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, wọ́n sì dá ẹnì kẹrin lẹ́bi pé ó bá wọn lẹ̀dí àpò pọ̀.

Ọmọbìnrin náà kò pariwo, kò sì sá. Ó ń wá ẹni tí yóò fẹ́ràn òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ "dákẹ́", "jókòó", "ṣe bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe" láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò ju ìgbọ́ràn lọ. Ní 1981, Carol Sigelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òye wọn lọ́ra a máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè tí kò yé wọn, wọ́n tilẹ̀ lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè méjì tí ó tako ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu irú ẹni yìí, tí kò sì wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀, olè ni. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ilẹ̀ Ireland rí ewu yìí, wọ́n sì ṣe òfin sí i ní 1993. Abala 5 òfin náà wí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dá gbé ilé ayé tàbí dáàbò bo ara rẹ̀ lò pọ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin, àfi bí ó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ó jọ ààbò, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan bá wà tí òye àwọn méjèèjì lọ́ra, tí wọ́n ti mọ ara wọn láti ilé-ìwé, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni, ọ̀daràn ni òfin yìí lè sọ wọ́n dà. Ìbẹ̀rù òfin náà sì mú kí àwọn tí ń tọ́jú wọn máa dènà ọ̀rẹ́ láàárín wọn. Ní ìlú Galway, ẹgbẹ́ òṣèré Blue Teapot, tí àwọn òṣèré rẹ̀ fúnra wọn jẹ́ ẹni tí òye wọn lọ́ra, gbé eré kan jáde ní 2012 tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Sanctuary, tí Christian O'Reilly kọ. Ó dá lórí àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tí wọ́n sì ń wá ibi tí àwọn méjèèjì yóò dá wà. Wọ́n sọ eré náà di sinimá lẹ́yìn náà. Àwọn tí òfin kan ni ó dìde sọ tẹnu wọn. Ní 2017, ìjọba Ireland pa abala 5 náà rẹ́. Òfin tuntun kò tún béèrè irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹni náà lè mọ ohun tí ìṣe náà jẹ́ àti ohun tí ó lè ti ìdí rẹ̀ yọ, kí ó gbé e yẹ̀wò, kí ó sì sọ ìpinnu rẹ̀. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales rìn ní irú ọ̀nà kan náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 nípa agbára àti ṣe ìpinnu bẹ̀rẹ̀ láti orí pé gbogbo àgbàlagbà ni ó lè pinnu fún ara rẹ̀, àfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé kò lè ṣe é. Kí a tó wí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti ràn án lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe: kí a fi èdè tí ó yé e bá a sọ̀rọ̀, kí a fi àwòrán hàn án, kí a sì fún un láàyè láti ronú. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ni a ó sì máa gbé yẹ̀wò lọ́tọ̀. Ẹni tí kò lè ṣàkóso owó ìní lè mọ ẹni tí ó fẹ́ fi ẹnu kò lẹ́nu. Òfin náà tún fi ohun kan kún un tí ó bá ìjọ́hẹn ilẹ̀ Yorùbá mu: nínú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti ìgbéyàwó, kò sí òbí, alágbàtọ́ tàbí adájọ́ tí ó lè bá ẹlòmíràn jẹ́ hẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2003 sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti bá ẹni tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ lò pọ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ gbà. Kìkì àwọn tí wọ́n ti jẹ́ tọkọtaya tàbí tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn kí iṣẹ́ náà tó dé ni ó yọ sílẹ̀. Ọwọ́ tí ń fún ènìyàn lóúnjẹ wúwo jù fún un láti kọ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé ẹ̀kọ́ mìíràn kalẹ̀ nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n kàn pè ní JB láti fi bo orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní àbùkù òye, ó sì ń fẹ́ obìnrin tí wọn yóò jọ máa gbé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Ìbéèrè tí ó délé-ẹjọ́ ni bóyá ó tó kí ó mọ ohun tí ìbálòpọ̀ jẹ́, tàbí ó tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé obìnrin náà ní láti lè gbà, kí ó sì gbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ hẹn gbọ́dọ̀ lè gbọ́ rárá ẹnì kejì. Ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè ṣe ní ibi nìkan. Àgbàlagbà ni, ojúṣe sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn, láti 1916, ní abala kan, 221, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé obìnrin kan jẹ́ aláìlóye tí ó sì bá a lò yóò ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Òfin kan náà dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tí ó bá fi ipá bá obìnrin mìíràn lò. Kò tán síbẹ̀ o. Abala yìí ní a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láàárín oṣù 2, ó sì ní ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo tí kò ní alátìlẹ́yìn kò tó láti fi dá ni lẹ́bi. Ẹni tí ó ṣòro fún láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, tí ìyá rẹ̀ lè má mọ̀ títí ikùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òun ni òfin fún ní oṣù 2 péré. Kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ọkùnrin tí òye rẹ̀ lọ́ra, bí ẹni pé wọn kì í fi ìyà jẹ òun.

Òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé náà ṣe. Òfin àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá, ti 2015, ka ìfipábánilòpọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ yálà ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n ṣe é fún, ó sì sọ pé hẹn tí a fi ìhalẹ̀ tàbí ẹ̀tàn gbà kì í ṣe hẹn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara láti 2010. Abala 23 àdéhùn náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti gbéyàwó, láti ní ìdílé, àti láti gba ẹ̀kọ́ nípa ọmọ bíbí. Abala 12 sì sọ pé ẹ̀tọ́ wọn níwájú òfin dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo ènìyàn. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Iṣẹ́ olùkọ́ àti òbí ni.

Ìyá tí ó bí irú ọmọ yìí kò jẹ̀bi bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó ń ro ẹni tí yóò tọ́jú oyún, ó ń ro ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ náà lẹ́yìn tí òun bá kú. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tí ó sábà máa ń ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ibi kì í ṣe àlejò. Ará ilé ni, tàbí aládùúgbò, tàbí ẹni tí ń gbé e lọ sí ilé-ìwé. Bí ọmọ kò bá mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ni yóò fi sọ ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn? Bí ó bá jẹ́ "ibí yìí" àti "nǹkan" nìkan ni ó mọ̀, báwo ni ẹ̀rí rẹ̀ yóò ṣe dúró níwájú adájọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ lè ṣe ni kí ó kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní rárá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré: aṣọ wo ni o fẹ́ wọ̀, ta ni o fẹ́ jókòó tì, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbá ọ mọ́ra? Nígbà tí ó bá sì wí pé òun kò fẹ́, kí a gbà fún un, kí a má ṣe pè é ní aláìgbọràn. Ẹni tí wọn kò gba rárá rẹ̀ nípa oúnjẹ kò ní lè sọ rárá nípa ara rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà ìbéèrè. Kí olùkọ́ má ṣe béèrè pé, "Ṣé ó wù ọ́?" kí ó sì lọ, kí ó béèrè pé, "Kí ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ jọ ṣe? Kí ni o máa ṣe bí kò bá wù ọ́ mọ́?" Kí ó tún padà béèrè ní ọjọ́ mìíràn, níbi tí ẹnì kejì kò sí. Hẹn tí ó bá dúró lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀nà mẹ́ta, ó sún mọ́ òtítọ́. Ẹ̀kẹta ni kí a kọ́ wọn ní ìwà ìfẹ́ pẹ̀lú: bí a ti ń kí ẹni tí ó wu ni, ohun tí a ń ṣe ní gbangba àti èyí tí a ń ṣe ní kọ̀rọ̀, ọ̀nà ìfètò sí ọmọ bíbí, àti bí a ti ń fara da á bí ẹni tí a fẹ́ bá ní òun kò fẹ́.

Àwọn kan lè béèrè pé, bí a bá kọ́ wọn tán tí hẹn wọn kò sì dúró ńkọ́? Nígbà náà ni kí ààbò gba iwájú, kí òfin sì mú ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a ti kọ́ wọn ná, kí a ti gbọ́ wọn ná. Virginia kò kọ́ Carrie Buck, kò gbọ́ ọ, ó sì gé ìran rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ Glen Ridge gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìkan. Láàárín kòtò méjì yìí ni ọ̀nà wà, ọ̀nà náà sì tóóró. Sùúrù ni a fi ń rìn ín. Ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra lè pẹ́ kí ó tó jẹ́ hẹn, ó sì lè pẹ́ kí ó tó wí pé rárá. Iṣẹ́ àwọn tí òye wọn yá ni láti dúró de ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un nígbà tí ó bá dé.